Ẹ̀rí Tí Kò Gbọdọ̀ Já: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìnṣọ́ránsì àti Láísẹ́ǹsì Tí Wọ́n Gbẹ́sẹ̀ Lé ní Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ẹni tí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rìn, kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ní Houston, ní Dallas, ní Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, bọ́ọ̀sì kì í dé ibi gbogbo, iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kì í sì í dúró de ẹni tó ń wá ọkọ̀ wọ̀. Bí lẹ́tà bá wá dé pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹnì kan tàbí lé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ìnṣọ́ránsì, onítọ̀hún á sáré ra ìnṣọ́ránsì, á tẹ ìwé rẹ̀ jáde, á gbé e sínú ọkọ̀, á sì máa wakọ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá a dúró ni yóò tó mọ̀ pé wọn kò tíì dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà. Ẹ̀sùn tuntun á sì gun orí ti àtijọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé kọ́ ni ìjọba ń bèèrè. Ó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀, kó jẹ́rìí pé ìnṣọ́ránsì wà lórí ẹni yìí lónìí, pé yóò wà lórí rẹ̀ lọ́la, pé kò sì ní já fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ èyí á rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè máa yí po lójú kan náà fún ọdún púpọ̀. Òfin náà ní ìdí rere, àmọ́ ó wúwo jù lórí ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ síta.

Ó yé mi bí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ṣe máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Ní Nàìjíríà, ìwé ìnṣọ́ránsì wà lára pátíkúlà ọkọ̀. Ọlọ́pàá ló ń bèèrè rẹ̀ lójú títì, ẹni tó bá sì ti ní i lọ́wọ́ gbà pé òun ti bọ́. Ayédèrú pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá àkójọ NIID sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ìnṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 sì ni àwọn ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn yóò máa mú ẹni tí kò bá ní i. Nàìjíríà náà ti ń lọ síbi tí ẹ̀rí á ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Amẹ́ríkà ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọkọ̀ bá gbá lè jàre ní kóòtù kó má sì rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé ẹni tó gbá a kò ní nǹkan kan. Ìpínlẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ wá ojútùú sí i, ọ̀nà wọn kò sì jọra. Ní 1925, Connecticut ṣe òfin pé awakọ̀ tí ọwọ́ òfin bá ti tẹ̀ nítorí jàǹbá tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lójú títì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè san owó bí òun bá tún ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ní ọdún kan náà, Massachusetts ṣe tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1927: ọkọ̀ tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì, wọn kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Massachusetts nìkan ló wà lórí ọ̀nà yìí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kí New York tó bá a níbẹ̀ ní 1956 àti North Carolina ní 1957. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn.

Lónìí, ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Dandan ni ìnṣọ́ránsì ní gbogbo ìpínlẹ̀ àyàfi New Hampshire. Virginia náà máa ń gba 500 dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ láìní in, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Ẹni tó bá wá rú òfin dandan yìí, òfin irú ti Connecticut ló ń dúró dè é: kí ó fi ẹ̀rí hàn kí wọ́n tó dá láísẹ́ǹsì tàbí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ padà. Kódà ní New Hampshire, wọ́n lè bèèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi mímu ọtí wakọ̀.

SR-22 àti àwọn ìwé tó jọ ọ́

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pe ẹ̀rí yìí ni SR-22. Àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì pàápàá máa ń sọ pé àwọn ń ta SR-22, èyí sì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. SR-22 kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Ìwé ẹ̀rí ni, tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pè ní DMV. Ó ń sọ pé ẹni báyìí ti ní ìnṣọ́ránsì tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ náà tún ń ṣe ìlérí nínú rẹ̀ pé bí ìnṣọ́ránsì náà bá já fún ìdí yòówù, àwọn yóò sọ fún ìjọba. Ìwé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni SR-26, òun ló sì ń pa èèyàn lára. Ọjọ́ tó bá dé DMV, láísẹ́ǹsì tún di gbígbẹ́sẹ̀ lé, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti òdo.

Àwọn tí wọ́n sábà máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni ẹni tí wọ́n mú pé ó mu ọtí wakọ̀, ẹni tó fa jàǹbá nígbà tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ẹni tí kóòtù ní kó san owó fún ẹni tó ṣe léṣe tí kò san án, ẹni tó wakọ̀ nígbà tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdádúró, àti ẹni tí wọ́n mú láìní ìnṣọ́ránsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí kò ṣe dọ́gba. Ẹni tó mutí yó wakọ̀ lè pa odindi ìdílé. Ẹni tí owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ já nítorí pé wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù lè má tíì fi ọkọ̀ kan ẹnikẹ́ni rí. Ìwé kan náà ni wọ́n fi ń bá àwọn méjèèjì wí.

Fún ẹni tó mu ọtí wakọ̀, Florida àti Virginia ní ìwé mìíràn tó le jù ú lọ, FR-44. Ní Florida, ẹni tó bá wà lábẹ́ FR-44 gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì tó lè san 100,000 dọ́là fún ẹnì kan tó bá farapa, 300,000 fún gbogbo àwọn tó bá farapa nínú jàǹbá kan, àti 50,000 fún dúkìá tó bá bàjẹ́. Ẹ fi wé ti awakọ̀ yòókù ní ìpínlẹ̀ kan náà, tí òfin kò bèèrè ju 10,000 lọ́wọ́ wọn fún dúkìá ẹlòmíràn. Èyí ló bọ́gbọ́n mu jù lójú tèmi nínú gbogbo ètò náà, torí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó léwu àti ẹni tí owó wọ́n.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin kọ̀ọ̀kan

Ìmọ̀ràn tó tọ́ ní Texas lè kó èèyàn sí wàhálà ní Maryland. Ní Texas, ọdún méjì ni SR-22, láti ọjọ́ tí kóòtù ti dáni lẹ́bi, ìnṣọ́ránsì tó kéré jù sì ni 30,000 fún ẹnì kan, 60,000 fún jàǹbá kan, 25,000 fún dúkìá. Ní California, ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. California sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwọ̀n tirẹ̀ sókè: láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, ó ti kúrò ní 15,000, 30,000 àti 5,000, èyí tí kò yí padà láti 1967, ó di 30,000, 60,000 àti 15,000. Ní Georgia, SR-22A ni wọ́n lè bèèrè, èyí tó ń fẹ́ kí awakọ̀ san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́.

Maryland ní FR-19 tirẹ̀. Káàdì ìnṣọ́ránsì tàbí ìwé àdéhùn tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í tó wọn níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló gbọ́dọ̀ fi FR-19 ránṣẹ́ tààrà. North Carolina ní DL-123. New York kì í lo SR-22 rárá: kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti ti DMV ló ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ sì ti mọ ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì já kí onítọ̀hún tó rántí.

Òfin New York yìí máa ń mú àwọn èèyàn wa tó ń wálé. Ẹnì kan ń lọ sí Ìbàdàn fún ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ lo oṣù méjì. Ó rò pé kí òun máa san owó ìnṣọ́ránsì lórí ọkọ̀ tó kàn dúró sí iwájú ilé kò mọ́gbọ́n dání, ó fagi lé e, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò kọ́kọ́ dá nọ́ńbà ọkọ̀ padà fún DMV. Lójú òfin, ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, bó rìn bí kò rìn. Wọ́n á dá ìforúkọsílẹ̀ náà dúró fún iye ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì fi já. Bí ọjọ́ náà kò bá ju 90 lọ, tí onítọ̀hún kò sì tíì lo àǹfààní yìí láàárín oṣù 36 sẹ́yìn, ó lè san owó ìtanràn dípò ìdádúró: dọ́là 8 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, 10 fún ọgbọ̀n tó tẹ̀ lé e, 12 fún ọgbọ̀n tó kẹ́yìn. Ọjọ́ 45 á gba 390 dọ́là. Ọjọ́ 90 á gba 900. Bó bá wọ ọjọ́ 91, láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ lè bá a lọ. Ẹni tó bá dá nọ́ńbà padà kó tó fagi lé ìnṣọ́ránsì kò ní san nǹkan kan nínú rẹ̀. Florida àti Maryland náà ń fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ dá nọ́ńbà padà. Ní California, èèyàn lè kọ̀wé sí DMV pé ọkọ̀ òun kò ní jáde sójú títì.

Ibi tí kóòtù fi ààlà sí

Agbára ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ní òpin, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ló sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní 1971. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni Bell àti Burson. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Georgia tó ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní abúlé mẹ́ta, tí kò sì lè dé wọn láìwakọ̀, wà nínú jàǹbá ní oṣù kọkànlá ọdún 1968: ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan gun kẹ̀kẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní ìnṣọ́ránsì. Àwọn òbí ọmọ náà ní àwọn ń fẹ́ 5,000 dọ́là, ìjọba sì ní kó fi owó náà sílẹ̀ tàbí kó pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé òun kò jẹ̀bi. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹ̀bi tàbí àre fi ṣe nínú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láísẹ́ǹsì lè di ohun tí èèyàn fi ń jẹun, ìjọba kò sì gbọdọ̀ gbà á láìkọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí kóòtù dá a lẹ́bi jàǹbá náà.

Ẹjọ́ kejì, Perez àti Campbell, wá láti Arizona. Tọkọtaya kan wà tí gbèsè ti bò mọ́lẹ̀, tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ sì ti tú wọn sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn tí kò lè san gbèsè mọ́. Arizona ní láísẹ́ǹsì wọn á ṣì wà ní ìdádúró títí wọ́n á fi san gbèsè jàǹbá ọkọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ fagi lé e, nítorí òfin ìpínlẹ̀ kò lè fi ipá gba gbèsè tí òfin àpapọ̀ ti tú èèyàn sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìdájọ́ méjèèjì kò gba SR-22 kúrò lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n ṣì lè bèèrè ẹ̀rí fún ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ nítorí jàǹbá kí ó rántí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ni kó ka gbèdéke tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn

Owó tí ilé-iṣẹ́ ń gbà láti fi SR-22 ránṣẹ́ kì í pọ̀. Ó sábà máa ń wà láàárín dọ́là 15 sí 50. Owó ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ló ń fò sókè, torí ẹni tó nílò SR-22 ti di ẹni tí wọ́n kà sí eléwu. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n tún ń wo bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu iye tí yóò san, àmọ́ California, Hawaii àti Massachusetts kò gba èyí láyè. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ já nítorí àìlówó ni wọ́n ń sọ pé kó wá san owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìfi oṣù kan ṣófo, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lóòótọ́, àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà kí èèyàn fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba dípò ìnṣọ́ránsì; ní Texas, 55,000 dọ́là ni. Ta ni nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà ló ní i?

Àwọn ìṣirò tí Insurance Research Council ṣe fún 2019 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú awakọ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà ni kò ní ìnṣọ́ránsì. Ní Mississippi, tó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tálákà jù, ó tó ìdá 29.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní New Jersey, ìdá 3.1 péré ni. Dandan ni ìnṣọ́ránsì ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, nítorí náà dandan nìkan kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó tó báyìí. Mo ṣàkíyèsí pé New Jersey ní ìnṣọ́ránsì àkànṣe fún àwọn tó wà lórí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré, 365 dọ́là lọ́dún, dọ́là kan lójúmọ́. California náà ní ètò ìnṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tí owó wọn kéré, láti 1999. Maryland ní ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1972 fún àwọn tí àwọn yòókù kọ̀. Irú ètò ti California àti Maryland yìí ń dáàbò bo ẹni tí ọkọ̀ lè gbá ju ìdádúró láísẹ́ǹsì lọ, torí ẹni tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ á ṣì wakọ̀, á sì wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì. Àwọn baba wa sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kí ìjọba le mọ́ ọ̀mùtí tó ń wakọ̀. Kí ó ran ẹni tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ já fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ kó tún un so.

Ọ̀nà àbájáde

Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ báyìí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ DMV, ní ìwé, gbogbo ohun tó dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ dúró. Ó lè jẹ́ mẹ́ta: owó ìtanràn tí kò san, kíláàsì tí kóòtù ní kó lọ, àti ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì. SR-22 nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí nǹkan mẹ́ta tì.

Lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé ìpínlẹ̀ ń bèèrè ẹ̀rí, kó sì dárúkọ ìwé náà gan-an, bóyá SR-22, FR-44 tàbí FR-19. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ ilé ta ìnṣọ́ránsì fún ọmọ ilé, ṣùgbọ́n kí ó wádìí lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì ní ìpínlẹ̀ náà bóyá ẹni tó ń tà á ní àṣẹ. Bí kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, ìnṣọ́ránsì wà fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí wọ́n lè so SR-22 mọ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Àmọ́ kì í bo ọkọ̀ tí èèyàn ń lò déédéé nínú ilé kan náà, nítorí náà ọkọ tó ń wa ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Kí ó san owó ìdápadà tí ìpínlẹ̀ ń gbà, kó má sì fọwọ́ kan ọkọ̀ títí DMV yóò fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láísẹ́ǹsì ti padà. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí bánkì máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí owó sì wà nínú àpò náà ṣáájú ọjọ́. Bó bá fẹ́ yí ilé-iṣẹ́ padà, kí tuntun ti fi SR-22 ránṣẹ́ kí ó tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín méjèèjì tó láti ba ọdún méjì jẹ́. Bó bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, gbèsè ẹ̀rí náà bá a lọ, torí àwọn ìpínlẹ̀ ń yẹ orúkọ awakọ̀ wò lọ́dọ̀ ara wọn kí wọ́n tó fúnni ní láísẹ́ǹsì. Nígbà tí àkókò bá sì pé, DMV ni kó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti parí kí ó tó ní kí wọ́n yọ SR-22 kúrò.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, mọ́ṣáláṣí wa àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń dáwó fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó àti fún ìsọmọlórúkọ. Bí wọ́n bá ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́dún láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì ní owó díẹ̀ nípamọ́ láti fi san ìnṣọ́ránsì oṣù kan fún ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kan kò ní bọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí láísẹ́ǹsì. Owó oṣù kan yẹn kéré púpọ̀ sí ohun tí ìdílé kan ń san nígbà tí ẹ̀rí bá já.